Ọ̀nà Kejì Dà?

 

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ tó pe ìpàdé yìí rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ewu tó wà nínú kí èèyàn gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbà kan ti máa retí pé màá bá àwọn ọ̀dọ́ wí títí ilẹ̀ á fi ṣú. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Fóònù méjì ló wà lápò agbádá mi, orí ọ̀kan nínú wọn ni mo ti kọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí, ìmeèlì ni mo sì fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé yín. Bí mo bá ní kí ẹ sọ tiyín nù, ẹ ó wo èmi, ẹ ó wo àpò mi, ẹ ó sì fi mí ṣẹ̀sín délé.

Ohun tí mo gbé wá kéré ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ. Nígbàkígbà tí a bá gbé iṣẹ́ kan lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, a máa ń ti ilẹ̀kùn ibi tí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ pa. Báńkì á gbé owó lọ sórí fóònù, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi ti ẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ilé ìwòsàn á kó ìtàn àìsàn wa sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì dáná sun káàdì. Àwa náà á kó nọ́ḿbà àwọn ọmọ wa sínú fóònù, kò sì ní sí ọ̀kan ṣoṣo tí a lè kà lórí mọ́. Ọ̀nà tuntun yá, ó sì dẹrùn, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Bí ó bá wá dí lọ́jọ́ kan, ọ̀nà kejì dà? Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri, ibi tí mo sì fẹ́ kọ́kọ́ gbé e lọ ni ìsàlẹ̀ òkun.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ojú sánmà ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń bọ̀. A ń rí òpó gogoro tí wọ́n rì sí ẹ̀yìnkùlé oníkálukú, a sì gbà pé orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń sọ̀ kalẹ̀. Òpó yẹn kàn ń gbé e dé ọwọ́ wa ni. Ohun tó ń gbé e dé Nàìjíríà láti ilẹ̀ òkèèrè ni okùn tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì. Fọ́nrán dígí ló wà nínú okùn náà, èyí tí kò nípọn ju irun orí lọ, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Níbi tí omi ti jìn jù, okùn náà pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n fi wé e kò tóbi ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní SAT-3 ló kọ́kọ́ dé Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Ní 2010, Glo-1 àti MainOne dé. Funke Opeke ló dá iléeṣẹ́ MainOne sílẹ̀, obìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní yunifásítì Ifẹ̀. Òun ló ṣètò tí okùn tó gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà fi ti ilẹ̀ Potogí dé etíkun wa. Bó bá ṣe olórin ni, gbogbo ọmọ tó wà ní gbọ̀ngàn yìí ni ì bá mọ orúkọ rẹ̀. WACS àti ACE tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹrin 2022 ni ti Google gúnlẹ̀ sí Èkó. Wọ́n sọ ọ́ ní Equiano, orúkọ Olaudah Equiano, ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú gba orí òkun kan náà kọjá nígbà tó wà lọ́mọdé, tó ra ara rẹ̀ padà, tó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ní 1789.

Ẹni tó bá ka okùn wọ̀nyí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Wọ́n lé ní márùn-ún. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù á gbé e. Àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, mẹ́rin já lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Níwájú Àbíjàn, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ òkun tí àwọn Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, ihò tí kò nísàlẹ̀. Agbègbè yẹn ni SAT-3, MainOne, WACS àti ACE ti sún mọ́ra wọn. MainOne ní ibi tí okùn tàwọn ti já jìn tó nǹkan bí kìlómítà 3 sísàlẹ̀ omi, nítorí náà kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀, kì í ṣe àwọ̀n apẹja. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló yẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ fara mọ́ nìyẹn. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn wó, wọ́n sì fa okùn já. Kò sí ọ̀tá, kò sí ọ̀dàlẹ̀, kò sí ẹni tí a fẹ́ mú. Ilẹ̀ yí ara padà níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i, ọjà sì dà rú láti Monrovia dé Èkó. Àwọn báńkì kan nílé wa kò lè dá oníbàárà lóhùn. MTN ń bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Ní Gánà, ní Liberia, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀rọ̀ náà ta bá wọn.

Àtúnṣe okùn tó já kì í ṣe ohun tí ìbínú lè mú yá. Ọkọ̀ ojú omi tó ń tún okùn ṣe kò pọ̀ láyé, èyí tí wọ́n sì mọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ Áfíríkà, Léon Thévenin, Cape Town ni ibùdó rẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ di okùn tuntun sínú, kó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tó ni omi, kó wá rìn lọ síbẹ̀. Bó bá débẹ̀, á ju ìwọ̀ irin sí ìsàlẹ̀, á máa wọ́ ọ lórí ilẹ̀ òkun títí á fi kọ́ okùn náà. Wọ́n á fà á sókè, wọ́n á dán an wò, wọ́n á wá jókòó ti fọ́nrán dígí náà, wọ́n á máa fi iná jó o pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ ló ń gbà, kì í ṣe wákàtí.

Ẹ wo ẹni tó rù ú là lọ́sẹ̀ yẹn. Iléeṣẹ́ tó ti ra àyè sórí Equiano tàbí Glo-1, okùn méjì tí kò já, yí ẹrù rẹ̀ gba ibẹ̀, àárín ọjọ́ díẹ̀ ló ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tó rò pé òun ní ọ̀nà mẹ́ta, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba ẹ̀gbẹ́ àfonífojì kan náà kọjá, ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé ọ̀nà kan lòun ní. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn baba wa sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a gbọ́dọ̀ fi kún un lóde òní ni pé kí a máa wo abẹ́ ilẹ̀ àti abẹ́ omi, ká mọ̀ bóyá ọ̀nà méjì tí wọ́n tà fún wa kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹnì kan lè sọ pé ìṣẹ́ ilẹ̀ wa ló fà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram pòórá ní gbogbo ayé fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Ẹ rántí pé a rò pé dátà wa ló tán. Àwọn míràn ra òmíràn sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ Facebook ń ṣe àtúnṣe tí wọ́n máa ń ṣe, wọ́n sì fún ẹ̀rọ ní àṣẹ kan tó já gbogbo ìsopọ̀ àárín ilé kọ̀ǹpútà wọn káàkiri ayé. Ètò kan wà tó yẹ kó dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n àléébù wà nínú òun náà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń sọ fún aráyé ibi tí Facebook wà rí i pé àwọn kò gbúròó ilé mọ́, wọ́n sì yọ ara wọn kúrò lójú ọ̀nà. Ó wá dà bí ẹni tó kó kúrò ládùúgbò lóru láì dágbére: ilé náà kò jó, ẹrù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè júwe rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ló wà. Káàdì tí àwọn kan lára òṣìṣẹ́ fi ń ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni. Òṣìṣẹ́ Facebook dúró lẹ́nu ọ̀nà Facebook, ilẹ̀kùn kò dá wọn mọ̀. Wọ́n ní láti rán èèyàn lọ sí ilé kọ̀ǹpútà náà gan-an kí wọ́n tó rí nǹkan ṣe. Àwọn ọlọ́lá ayé nìyẹn, tí owó kò wọ́n lọ́dọ̀ wọn, tí gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ǹpútà ń wá iṣẹ́ sọ́dọ̀ wọn. Kọ́kọ́rọ́ onírin kan lásán ni wọn kò rántí fi pamọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 8 oṣù keje 2022, iléeṣẹ́ Rogers ní Kánádà kan irú rẹ̀. Oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 12 kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lò, ètò ìsanwó Interac dúró káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn míràn kò sì lè pe 911 nígbà tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Rogers fúnra wọn kò tètè rí ara wọn bá sọ̀rọ̀, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́ wọn ni gbogbo wọn gbára lé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé, síbi tí ó ti dùn wá jù. Mo rí ìyálọ́jà níwájú níbí, mo mọ̀ pé kò tíì gbàgbé.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022, gómìnà báńkì àpapọ̀ kéde pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n ní kí a dá ti àtijọ́ padà kí ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023 tó kọjá. Nígbà tó yá, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ wọlé, owó tuntun kò jáde. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé ó tó àkókò kí a máa náwó láì gbé bébà dání. Kò burú. Gbogbo Nàìjíríà bá sá lọ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, orí fóònù kò sì gbà wá.

Ẹ rántí bó ṣe rí lọ́jà. Oníbàárà ra tòmátì, ó tẹ owó ránṣẹ́, owó kúrò lọ́wọ́ tirẹ̀, kò dé ọwọ́ onítòmátì. Oníbàárà ń fi ojú fóònù hàn: "Ìyá, ó ti lọ, ẹ wò ó." Ìyá ń wo fóònù tirẹ̀, kò sí àlẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá jẹ́ kó gbé ọjà lọ, wọ́n á pè é ní ìkà; tó bá jẹ́ kó gbé e lọ, owó lè dé lálẹ́, ó lè dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Àwọn oníjìbìtì rí ààyè, wọ́n ń ṣe ayédèrú àlẹ́ẹ̀tì. Ata ń rà. Lọ́dọ̀ àwọn oní-POS, ó débi tí wọ́n ń gba 200 sí 300 náírà kí wọ́n tó fún èèyàn ní 1,000, àwa náà sì ń tò síbẹ̀, à ń fi owó ra owó. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sígboro ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó wá sọ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà, kó tó di pé ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù wá díẹ̀díẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé báńkì ni kò múra sílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti ọ̀nà bébà kí wọ́n tó mọ bí èrò tí ọ̀nà fóònù lè gbà ṣe pọ̀ tó. Ẹ sì wo ohun tó gbé wa dé ọjọ́ 3 oṣù kẹta yẹn. Àwìn ni. Àwìn tí a ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí a ń kọ "má ṣe béèrè àwìn" sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìyá tó ń ta gàrí, tó mọ ojúlé oníbàárà rẹ̀, tó mọ ọjọ́ tí wọ́n ń san owó oṣù fún un, fún un ní gàrí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Alájọ tó ń gba àjọ ojoojúmọ́ mọ ẹni tó lè yá lówó láì bi báńkì kankan. Àwọn tí kò mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò, tó jẹ́ pé orí ápù ni wọ́n ti ń ra gbogbo nǹkan, àwọn ni ebi pa jù. Ilé ńlá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé.

Irú alájọ bẹ́ẹ̀ ni Alájọ Ṣómólú, ẹni tí a fi ń ṣàpèjúwe orí pípé. Wọ́n ní ó ta mọ́tò, ó fi owó rẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kọ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Mọ́tò kò lè wọbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń wọbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń tajà mọ̀, nítorí n kò rí ẹni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ápù báńkì nílò dátà. Kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀, tó parí pẹ̀lú háàṣì, kò nílò rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ìpè ń gbà lòun ń gbà, kódà lórí fóònù onítọ́ọ̀ṣì. Òun náà a máa há, torí ẹ̀rọ báńkì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ dáhùn. Síbẹ̀, ọ̀nà míràn ni. Ẹ béèrè kóòdù báńkì yín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kì í ṣe sínú fóònù.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, àṣìṣe tàbí àjálù ni. Ti ìjọba tún wà, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ní oṣù kìíní 2017, ìjọba Kamẹrúùnù gé íntánẹ́ẹ̀tì ní àwọn ẹkùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 93 kọjá kí wọ́n tó dá a padà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Buea ní láti máa wọkọ̀ lọ sí Douala kí wọ́n tó lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Nílé wa níbí, ìjọba fi òfin de Twitter ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2021, ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ lórí rẹ̀ kò bá Ààrẹ jà, kò bá Twitter jà. Ọjà rẹ̀ ló kàn wà láàárín àwọn méjèèjì.

Mo fẹ́ kúrò lórí owó báyìí. Ìmọ̀ náà ní ọ̀nà tó ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nìyẹn.

Ní oṣù keje 2014, ọkùnrin kan tó ní àrùn Ebola wọ bàálù dé Èkó láti Liberia. Ní oṣù kẹjọ, àtẹ̀jíṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti fóònù dé fóònù pé kí a fi iyọ̀ sínú omi gbígbóná, kí a wẹ̀ ẹ́, kí a sì mu ú, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn kan nínú gbọ̀ngàn yìí wẹ̀ ẹ́. Ìyá pe ọmọ lóru, ọmọ pe ọkọ, pásítọ̀ pe ìjọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, iyọ̀ ti wọ́n lọ́jà. Ìròyìn jáde láti Jos pé èèyàn méjì mu omi iyọ̀ kú, àwọn míràn sì wà nílé ìwòsàn. Omi iyọ̀ kì í wo Ebola. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá mu ún, ikú ló ń pè.

Kí ló wá lé Ebola lọ? Dókítà Ameyo Adadevoh ní ilé ìwòsàn kan ní Ọbáléndé kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn náà kò ní jáde, bí wọ́n ti ń halẹ̀ mọ́ ọn tó. Ó kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá èèyàn 894 tó ṣeé ṣe kó ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì ń kanlẹ̀kùn wọn, wọ́n ń wo ojú wọn, wọ́n ń wọn bí ara wọn ṣe gbóná sí. Ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe tó nǹkan bí 18,500. Wọ́n lo fóònù láti kó ìròyìn jọ, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Fóònù ràn wọ́n lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ilé ló lo fóònù. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà Kòrónà, a tún gbọ́ lórí fóònù pé kí a máa gbé chloroquine mì. Àwọn kan ní Èkó lò ó, ó di májèlé sí wọn lára. A kò rántí iyọ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni nọ́ọ̀sì wà lójúlé kejì. A kò bi í. Ó tijú láti kanlẹ̀kùn, a sì tijú láti bèèrè. Fóònù kì í tijú. Kì í ṣe àwa tí a kò kàwé púpọ̀ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní New York ní 2023, adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà kan tó kó ìdájọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá síwájú rẹ̀. ChatGPT ló hun ún fún wọn. Ìwé òfin wà lárọ̀ọ́wọ́tó wọn, wọn kò ṣí i.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wá ìtàn ìlú rẹ̀ lóde òní, orí Google ni yóò kọ́kọ́ lọ, ohun tó bá bá níbẹ̀ ni yóò mú. Ohun tó wà níbẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ ìlú wa kò tó ojú ewé kan, ẹnì kan ló sì kọ ọ́ tí àwọn yòókù dà á kọ. Ìwé Ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, àwọn fáìlì ìjọba tó wà ní ilé àkójọ ìwé ìtàn ní Ìbàdàn, bàbá arúgbó tó mọ oríkì gbogbo agboolé, kò sí èyí tó ti dé ibẹ̀ tán nínú wọn. Ìwádìí kan láti ọ̀dọ̀ Pew ní Amẹ́ríkà ní 2024 tún fi hàn pé nínú ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó wà ní 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ti di àwátì ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ní 2019, MySpace jẹ́wọ́ pé orin ọdún méjìlá tí àwọn èèyàn fi síbẹ̀ ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti sáfà kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ olórin kò ní ẹ̀dà míràn.

Mo rántí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́. Ó fi bí ogún ọdún kó ìtàn àwọn Yorùbá jọ lẹ́nu àwọn àgbà àti arọ́kin, ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù sọ́wọ́ wọn. Ó kú ní 1901 láì rí i. Àwọn bébà tó kọ́kọ́ fi ń kọ ọ́, àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tó fi sílẹ̀, wà nílé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó tì wọ́n, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní 1916 ó tún fi ránṣẹ́, ọkọ̀ Appam ló gbé e. Àwọn Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọdún méjì kọjá kí ìwé náà tó dé ọwọ́ atẹ̀wé. 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, Obadiah náà ti kú. Àtìláńtíìkì yìí kan náà ni. Bí kò bá sí bébà nínú àpótí, ìwé tí gbogbo wa fi ń ṣàríyànjiyàn nípa ọba tó ṣáájú ọba kì bá tí sí.

Ìgbìmọ̀ ní kí n fi ìmọ̀ràn sílẹ̀ kí n tó lọ. Méjì ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí sẹkitéríàtì káńsù, ilé ìwòsàn ìjọba àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n pa íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí mẹ́ta, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Bí nọ́ọ̀sì kò bá lè mọ oògùn tí ara aláìsàn kì í gbà láìsí kọ̀ǹpútà, a ó mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, lójú ọ̀sán, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó kú. Ohun tó bá dúró, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó máa wá ọ̀nà kejì fún un, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Àwọn tó ń gbẹ́ títì fún wa náà, kí ẹ máa bi wọ́n kí ẹ̀rọ wọn tó kanlẹ̀ bóyá wọ́n mọ ibi tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ ilẹ̀. Láti 2024 ni Ààrẹ ti fọwọ́ sí àṣẹ tó ka okùn wọ̀nyí mọ́ dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè.

Mo ti sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí fún alága káńsù kí a tó wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Òun ló wọ fìlà aláwọ̀ ewé tó jókòó lápá ọ̀tún Kábíyèsí yẹn. Ìbéèrè ló kàn báyìí, ẹ lè fi tirẹ̀ ṣáájú tèmi.